Ohùn Píìn Láti Yàrá Bàbá

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ló sọ ọ́ ní Máfọwọ́kàn. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ tún ìlà kan ṣe nínú ètò kọ̀ǹpútà tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ìlà náà ì báà wọ́ bí ẹsẹ̀ àga tó ti ṣẹ́. Bí ènìyàn bá ṣẹ̀ ẹ́, kì í jà, kì í pariwo. Á kàn gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ni, á máa bọ́ ọ, á máa fún un lómi mu, títí yóò fi dàgbà nínú rẹ̀ bí ọmọ bíbí.

Èyí tó ti ń bọ́ pẹ́ jù nínú wọn ni ọ̀rọ̀ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fọtógíráfà ni ẹ̀gbọ́n yìí, pálọ̀ ilé rẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá wọn, ọkọ̀ tó ń gbé Máfọwọ́kàn bọ̀ láti ìrìn àjò taku sójú ọ̀nà. Kí ó tó dé, wọ́n ti ya fọ́tò ẹbí tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó má bínú, pé ilẹ̀ ló fẹ́ ṣú mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ó ya Máfọwọ́kàn nìkan lẹ́yìnkùlé, ó sì fi kọ̀ǹpútà lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn yòókù. Nígbà tí fọ́tò náà jáde, Máfọwọ́kàn rí ara rẹ̀ ní igun, ó kéré sí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òjìji gbogbo ènìyàn wà nílẹ̀, tirẹ̀ ò sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀, ó rí bí ẹ̀wù tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri. Ó ní kí wọ́n yọ fọ́tò náà kúrò ní pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣebí ìwọ náà mọ kọ̀ǹpútà lò? Tún ara ẹ ṣe."

Àwọn àlejò tó wà níbẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni Máfọwọ́kàn búra pé ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ pálọ̀ náà mọ́ níwọ̀n ìgbà tí fọ́tò yẹn bá wà lára ògiri. Ó pa nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́ nínú fóònù. Ọmọ tí wọ́n gbé lọ́wọ́ nínú fọ́tò náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí, àwọn méjèèjì ṣì ń bára wọn yodì.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí ni bàbá wọn ń gbé, ní yàrá ẹ̀yìn tó ní ilẹ̀kùn méjì. Ọ̀kan ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí pálọ̀, èkejì ṣí sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yìnkùlé ni Máfọwọ́kàn ń gbà. Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, á gba àárín aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn kọjá, á kan ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀, á jókòó tì í fúngbà díẹ̀, á sì gba ibi tó gbà wọlé jáde. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí òun ò bá ẹnikẹ́ni yodì ní tirẹ̀, á yọjú láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ní, "Ọkọ mi, ẹ kú ẹ̀yìnkùlé o." Á dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, ìyàwó wa." Ibẹ̀ ló máa ń parí sí.

Nígbà tí ara bàbá náà ṣì le, ibùdókọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń pe orúkọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Wọ́n ní tó bá pe orúkọ ìlú kan, ẹni tí kò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọkọ̀. Àìsàn rọpárọsẹ̀ wá dé, ó mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì kó ohùn náà lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù ò ju ìró bébà tí ènìyàn ń ká lọ. Àfi ẹni tó bá jókòó tì í ló lè gbọ́ ọ, òun náà á sì fi etí sílẹ̀ dáadáa.

Lọ́jọ́ kan, òùngbẹ gbẹ bàbá yìí láti àárọ̀. Ó ń pe àwọn ará ilé, wọ́n wà ní pálọ̀, wọn ò gbọ́. Nígbà tí ìyàwó ilé máa fi gbé oúnjẹ ọ̀sán dé, ó bá a tó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ife omi wà lórí tábìlì níbẹ̀, ọwọ́ ni ò tó o. Ọ̀rọ̀ náà wọ obìnrin náà lára. Nígbà tí Máfọwọ́kàn dé lọ́jọ́ Ìsinmi, obìnrin náà ròyìn ẹ̀ fún un. Ó ní àwọn fẹ́ ra aago ẹnu ọ̀nà, irú èyí tí àlejò máa ń tẹ̀, káwọn kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Bàbá.

Ojú Máfọwọ́kàn yí padà. Ta ló máa ra aago? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ta ló máa kàn án? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ni. Tí àlejò bá sì dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò máa nawọ́ sí i pé òun lòun ṣe é fún Bàbá. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí òun, Máfọwọ́kàn, ń ṣe jẹun ni kí ẹ̀rọ máa han píìn. Ètò tí wọ́n ń lò ní àwọn ilé ìtajà ńlá ni wọ́n ń kọ ní ọ́fíìsì wọn, irú èyí tó ń han píìn nígbà tí òǹtajà bá fi ọjà kọjá lójú iná pupa. Ó ní kí wọ́n má ra nǹkan kan, òun á ṣe é.

Lójú ẹni tí kò mọ ìdí ẹ̀, kí kọ̀ǹpútà han píìn kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ṣùgbọ́n gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní ètò ńlá kan tó ń darí àwọn ètò yòókù. Ọ̀gá inú ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì wọn, ọ̀gá inú kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwà tirẹ̀. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé o gbọ́dọ̀ sọ fún un bí ohùn náà á ṣe ga tó àti bó ṣe máa pẹ́ tó, kó tó ṣe é fún ọ. Òmíràn ò fẹ́ gbọ́ gbogbo ìyẹn, ohùn tí o ti ká sílẹ̀ ni wàá gbé lé e lọ́wọ́, kó fi sípíkà gbé e jáde bí orin. Àmì kan sì wà tó ti pẹ́ ju gbogbo wọn lọ, àmì keje. Láyé ìgbà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onírin ránṣẹ́ láti ìlú dé ìlú, àmì yẹn ló ń lu agogo kékeré kan lára ẹ̀rọ láti pe akọ̀wé pé iṣẹ́ ti dé. Agogo náà ti lọ, àmì rẹ̀ ló kù. Tí ètò kan bá kọ àmì keje sínú fèrèsé dúdú tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, o ò ní rí lẹ́tà kankan, ohùn píìn ni wàá gbọ́.

Ẹ̀rọ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ẹyọ kan lọ. Ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan wà tí ọ́fíìsì wọn ti pa tì, òun ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Ti fọtógíráfà wà ní pálọ̀, kì í kú láti àárọ̀ dalẹ́. Ti Máfọwọ́kàn fúnra rẹ̀ wà nílé rẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ṣiṣẹ́ náà. Ọ̀gá inú wọn ò jọra. Obìnrin tó jókòó kọjú sí i ní ọ́fíìsì, tí wọ́n ń pè ní Onígíláàsì, sọ fún un pé kó kọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kó sì ká ohùn gidi sínú ti pálọ̀ nítorí pé sípíkà wà lára ẹ̀. Ó ní àmì keje ti darúgbó, wọn ò fi arúgbó ṣe ọlọ́dẹ. Máfọwọ́kàn ní tí arúgbó bá lè dá ṣe iṣẹ́ náà ní gbogbo ilé, kí ni wọ́n ń gba ọ̀dọ́ mẹ́ta sí? Ìlà kan ṣoṣo ló kọ fún gbogbo wọn. Kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó gbé ògbólógbòó náà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó ti fi ọ̀bẹ tú gbogbo bọ́tìnì orí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kúrò, ó ṣẹ́ ku èyí gígùn ìsàlẹ̀ nìkan, kí ọwọ́ òsì Bàbá má baà ṣìnà. Ó fa wáyà rẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ibẹ̀ ló sì dúró sí bí ẹni tí odò dí lọ́nà. Láti ibẹ̀ ló ti ń pàṣẹ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀: kó ki wáyà bọ ibí, kó tẹ tọ̀hún, kó ka ohun tó rí fún òun. Obìnrin náà ń ṣe é, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọkọ mi, ẹ kúkú gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, a ó kàn ní ẹnu yín ló wọlé, kì í ṣe ẹsẹ̀ yín."

Kò gbé e. Iṣẹ́ tó kù, ilé rẹ̀ ló ti máa ṣe é, á gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ inú kọ̀ǹpútà fọtógíráfà láti òkèèrè. Ó ní kí Bàbá tẹ bọ́tìnì wò. Ògbólógbòó ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn han píìn tín-ín-rín láti inú ikùn ara rẹ̀, nítorí pé Máfọwọ́kàn fẹ́ kí Bàbá máa mọ̀ pé òun ti tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ìyàwó ilé tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́ ọ, ó ní, "Ó ti dún o." Bàbá fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀, bí ọmọdé tí wọ́n fún ní fèrè.

Nígbà tí Máfọwọ́kàn délé, ó ṣí fèrèsé dúdú lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó sì gba ibẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà pálọ̀. Ó tan ètò náà síbẹ̀. Ó pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù pé kó ní kí Bàbá tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́, píìn, ohùn náà dún ketekete nínú yàrá tó jókòó sí. Obìnrin náà, tó dúró ti Bàbá lórí fóònù, ní àwọn náà gbọ́ ọ. Inú Máfọwọ́kàn dùn. Lójú tirẹ̀, ohun tí pálọ̀ ń gbọ́ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbé wá fún òun, bí ẹni gbé fóònù létí. Ó fi fèrèsé dúdú náà sílẹ̀ ní ṣíṣí, kò pa á mọ́.

Ní ọ́fíìsì, ó fi ṣe fọ́ńté lójú Onígíláàsì. Onígíláàsì bi í bóyá ó wà ní pálọ̀ yẹn nígbà tó dún. Gbogbo wọn mọ̀ nípa ìbúra rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mi ni ò wọ ibẹ̀," ni Máfọwọ́kàn wí. "Etí mi ń wọ ibẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀.

Láti ìgbà náà, ohùn náà di ẹnìkejì rẹ̀ nínú ilé. Òun nìkan ló ń gbé. Tó bá ń fọ abọ́ nírọ̀lẹ́, á gbọ́ píìn, á sì bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé Bàbá ń fẹ́ omi nìyẹn, tàbí kí wọ́n yí òun padà. Ohùn náà á dákẹ́, á mọ̀ pé wọ́n ti dá a lóhùn. Kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó máa ń ṣí sílẹ̀ ni ìyàwó ilé fi ń gbọ́ èyí tín-ín-rín láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Obìnrin náà sì rò pé èyí tín-ín-rín náà ni ohun tí ọkọ òun kékeré ṣe.

Ó di Sátidé kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ya fọ́tò fún fọ́ọ̀mù ìdánwò kún inú pálọ̀ fọ́fọ́, àwọn mìíràn tò síta. Ariwo wọn pọ̀. Nígbà tí àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti wo arúgbó tó wà lórí ibùsùn, ìyàwó ilé ti ilẹ̀kùn Bàbá pa, kí ojú má baà tì í. Ó padà sídìí iṣẹ́, ó ń bá ọkọ rẹ̀ gé fọ́tò.

Máfọwọ́kàn wà nílé rẹ̀, ó ń fọ aṣọ. Ó gbọ́ píìn. Kò kà á sí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún dún. Ó ṣan ọṣẹ kúrò lọ́wọ́, ó dúró. Ó dún léraléra, píìn, píìn, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó wá hàn sí i pé kò sẹ́ni tó ń lọ bá Bàbá.

Ó mọ̀ pé Sátidé ni ọjà fọ́tò máa ń tà. Ó ń rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ọkàn rẹ̀, tó ń ní kí oníbàárà gbé àgbọ̀n sókè, kí ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, tí ohùn Bàbá sì ń dún létí rẹ̀ tí kò mira. Ó mú fóònù. Nọ́ńbà ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó wò ó, ó sì gbé fóònù náà kalẹ̀. Tó bá pè, wọ́n á ní ó ń ṣọ́ àwọn láti ilé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní ẹni tí kò lè wọ pálọ̀ òun ló ń pàṣẹ nínú ẹ̀. Rárá o. Ẹ jẹ́ kí ó wo ibi tí wọ́n máa bá a dé. Lọ́jọ́ tí gbogbo ẹbí bá pé, á ní ohun tó máa sọ, ojú gbogbo wọn ló sì ti máa sọ ọ́. Ó tún bọwọ́ sínú ọṣẹ. Ó ń fọ aṣọ, ó ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ lọ́jọ́ náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu ni. Píìn, píìn. Ó ń bú wọn lábẹ́ ẹnu, ó ń fún aṣọ.

Nígbà tó yá, ohùn náà yí padà. Kò dún kó dákẹ́ mọ́. Ó ń lọ gbọọrọ láìdánu dúró, bí ìgbà tí ẹnì kan gbé gbogbo ọwọ́ lé bọ́tìnì náà tí kò lè gbé e kúrò mọ́. Lẹ́yìn náà ló dá.

"Wọ́n ti dìde wàyí," ló sọ sókè, òun nìkan nínú ilé. Ó lọ sá aṣọ rẹ̀.

Aṣọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kí fóònù tó dún. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Kò kí i.

"Ọkọ mi, ẹ máa bọ̀. Bàbá ṣubú láti orí ibùsùn. Ẹ̀mí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ara wọn tutù."

Ọ̀rọ̀ tó ti ń tò láti àárọ̀ ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. "Kí lẹ̀ ń ṣe látàárọ̀ tó ti ń dún? Èmi tí mo wà níbí ń gbọ́ ọ."

Ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti tán lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ló dún?" ni obìnrin náà béèrè. "Nǹkan kan ò dún níbí, ọkọ mi. Èmi àti ẹ̀gbọ́n yín ò kúrò nídìí kọ̀ǹpútà yẹn. Kò dún."

Máfọwọ́kàn yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Fèrèsé dúdú ṣì wà ní ṣíṣí lójú ẹ̀, bó ṣe fi í sílẹ̀ láti ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún un. Ètò náà wà ní pálọ̀ lóòótọ́, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àmì keje kì í dún níbi tí wọ́n ti kọ ọ́. Inú fèrèsé tí wọ́n bá kọ ọ́ sí ló ti ń dún. Òun ló sì ni fèrèsé náà, ilé rẹ̀ ló ṣí sí. Láti ọjọ́ tó ti tan ètò yẹn, gbogbo ìgbà tí Bàbá bá tẹ bọ́tìnì, òun nìkan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà ń pè. Ká ní ó gbé ẹsẹ̀ kan wọ pálọ̀ ọ̀hún lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà tan ètò yẹn, pálọ̀ ni fèrèsé náà ì bá ṣí sí, ibẹ̀ ni ì bá sì ti máa dún.

Nígbà tó débẹ̀, ọ̀nà iwájú ló gbà. Kò mọ̀ pé òun gbà á. Wọ́n ti ń gbé Bàbá jáde lọ sínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá a mọ́ra láti apá ibi orí, òun náà sáré lọ gbá ẹsẹ̀ mú. Aṣọ Bàbá tutù rin, ó ń rùn fún ìtọ̀. Kíbọ́ọ̀dù tó ṣẹ́ ku bọ́tìnì kan náà wà nílẹ̀ yàrá, wáyà rẹ̀ ti já.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní egungun ìbàdí ti fọ́, àti pé ó ti pẹ́ jù nílẹ̀. Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ dúró síta. Bẹ́ǹṣì onírin kan ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó sí orí kan, àbúrò jókòó sí orí kejì. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọn ò ti jọ jókòó sórí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò yíjú sí i.

"Ìyàwó mi ní o gbọ́ ọ."

"Mo rò pé ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ ni."

"Tó bá jẹ́ pé à ń gbọ́ ọ tá ò dìde, kí ló dé tí o ò pè?"

Máfọwọ́kàn wo ọwọ́ ara rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò jọ nídìí aṣọ fífọ̀ ti fò lọ.

"Mo bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀. Kí lo wá ń gbọ́ ọ fún?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde lọ dúró sí ojú fèrèsé. Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń yodì, Máfọwọ́kàn nìkan ló ń bá ìjà náà sùn, òun ló ń bá a jí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa bi àwọn ènìyàn pé kí ni òun tilẹ̀ ṣe. Ìsinsìnyí ló tó rí i lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wọlé sí i nínú. Ó mọ ojú náà. Òun náà ti ń gbé e kiri tipẹ́.

Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n wọlé, Bàbá la ojú sókè. Ó wo ọmọ méjèèjì. Ètè rẹ̀ ń mì, ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, àbúrò náà bẹ̀rẹ̀.

"Mo pè," ni Bàbá wí. "Mo pè, mo pè."

Kò tún sọ òmíràn lọ́jọ́ náà, kò sì sọ òmíràn lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí wọ́n gbé e padà wálé, Máfọwọ́kàn wọ pálọ̀. Kò gbójú sókè wo ògiri. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà fọtógíráfà, ó pa ìlà kan ṣoṣo rẹ̀ rẹ́, ó sì kọ ti ọ̀gá inú ẹ̀rọ yẹn lọ́tọ̀, bí Onígíláàsì ṣe ní kó ṣe é. Ó ká ohùn gidi sínú ẹ̀, ó gbé sípíkà sókè. Ó so wáyà tó já, ó lọ tẹ bọ́tìnì ní yàrá ẹ̀yìn, ó sáré padà wá, ó tún ní kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ tẹ̀ ẹ́ kí òun dúró síbẹ̀. Ohùn náà bú jáde, oníbàárà kan tó jókòó síbẹ̀ ta gìrì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nídìí tábìlì rẹ̀, ó ń fi àlùmọ́gàjí gé fọ́tò, kò dáwọ́ dúró. Máfọwọ́kàn ní, "Ó ti ń dún báyìí, ẹ̀gbọ́n mi." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọn àgékù bébà kúrò lórí tábìlì.

Ó lọ sọ fún Bàbá. Ó mú ọwọ́ òsì rẹ̀, ó gbé e lé bọ́tìnì gígùn náà jẹ́jẹ́. Bàbá fa ọwọ́ náà kúrò. Ó tún un gbé lé e. Bàbá tún un fà kúrò, ó kì í bọ abẹ́ aṣọ ìbora.

Ìyàwó ilé tẹ̀ síwájú. Ohùn ìtùnú ló fi ń sọ̀rọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ.

"Bàbá, kò sẹ́ni tó gbọ́ o. Ẹ̀rọ ni ò dún. Tá a bá gbọ́ yín, ṣé a máa jókòó ni? Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ yín lọ́jọ́ náà."

Bàbá gbójú kúrò lára rẹ̀, ó gbé e lé Máfọwọ́kàn. Ó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tó bá ti ẹnu ẹlòmíràn jáde. Ẹ̀gbọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi èjìká ti férémù, òun náà ń dúró.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ni Máfọwọ́kàn wí. "Ẹnikẹ́ni ò gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì padà lọ sí pálọ̀.

Bàbá ò fọwọ́ kan bọ́tìnì náà mọ́. Tí ó bá tọ̀ sára, inú ẹ̀ ni yóò dùbúlẹ̀ sí títí ẹnì kan á fi wọlé. Tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, ètè rẹ̀ á bó, kò ní pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Máfọwọ́kàn rí i bẹ́ẹ̀, ó gba àyè ní ọ́fíìsì láti máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Kì í ṣe ilé tirẹ̀ ló lọ. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí yàrá ẹ̀yìn, ó fi àpótí kan ṣe ìjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Láti àárọ̀ ló ń wà níbẹ̀, á kọ ìlà díẹ̀, á dúró, á yíjú.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ mu omi?"

Ojú Bàbá wà ní ṣíṣí. Ó ń wo òkè àjà.

"Àbí kí n yí yín padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì?"

Ó sún àpótí mọ́ ibùsùn, ó tẹ etí sí ẹnu bàbá rẹ̀. Èémí nìkan ló ń gbọ́. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ọrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó sì tún un bi í.